Ọ̀sẹ̀ Kan ní Lọ́ńdọ̀nù: Àbọ̀ Ìgbìmọ̀ Ìrìn Àjò níbi Àjọ̀dún Ọdún Kẹwàá Ẹgbẹ́ Wa

Àwa tí wọ́n bí lásìkò kan náà, tí a jọ ta òkòtó nínú iyẹ̀pẹ̀ Tube, àwa náà la tún jọ wọ aṣọ kan náà lónìí. Kò sí ohun tó dà bí ẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìrìn àjò ni àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ ló yàn wá pé kí a lọ wádìí bí àwọn tó bá fẹ́ nínú wa ṣe lè lo ọ̀sẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kí a sì wá jábọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Àbọ̀ náà nìyí. A ti bá ara wa jiyàn lórí rẹ̀ títí, ohun tí gbogbo wa fọwọ́ sí nìkan la kọ síbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀, nítorí òun ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan nínú wa bínú nígbà tí wọ́n gbọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní omi ẹ̀rọ ọjà kò tíì parí, wọ́n ní ẹgbẹ́ wo ló ń fi pọ́n-ùn ṣeré nígbà tí ọmọ ọmọ ẹgbẹ́ ń sùn sílé nítorí owó ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Òun ló jẹ́ ká tètè sọ ọ́ di òfin pé kọ́bọ̀ kan nínú àpò ẹgbẹ́ kò ní bá ìrìn àjò yìí lọ. Owó ìsìnkú, owó ìrànwọ́ ẹni tó ń ṣàìsàn àti owó omi ẹ̀rọ wà níbi tí wọ́n wà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ni yóò máa dá owó tirẹ̀ sínú àjọ ọ̀tọ̀, ẹni tó bá sì yí ọkàn padà yóò gba owó rẹ̀ pé, àfi èyí tí a bá ti san fún físà tàbí tíkẹ́ẹ̀tì. A fi òfin kejì kún un, èyí tó dùn mọ́ àwa ju ti àkọ́kọ́ lọ: a kò ní rán aṣọ kankan fún àwọn tó lọ Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ṣáà mọ ara yín. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ẹgbẹ́ kan ti di méjì, àwọn tó lọ àti àwọn tí kò lọ, wọn yóò sì máa jókòó lọ́tọ̀ níbi òkú. A kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni pé, kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀, ìyẹn nìkan tó ìdí fún ìyá tí kò rí ọmọ rẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù ti mọ́ àwọn tiwa lára kí àwọn ọmọ wọ̀nyí tó dáyé. Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ síbẹ̀ ní 1904, ó sì rí Ọba Edward Keje lójúkojú. Ní 1920, Herbert Macaulay bá Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, lọ síbẹ̀ nítorí ẹjọ́ ilẹ̀, ní 1921 sì ni ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ga jù, Privy Council, dá olóyè náà láre. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀, wọ́n sun ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Tiwa báyìí, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni láti Èkó nínú ọkọ̀ òfuurufú tí kò dúró lọ́nà. Àwọn mìíràn níbí ti lo iye wákàtí bẹ́ẹ̀ rí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láàárín Ṣángo Ọ̀tà àti Ọ̀ṣọ́dì, láìsí ẹni tó gbé oúnjẹ fún wọn.

Ẹni tí a fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ gan-an kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe olóyè. Ọmọdé ni, ọmọ ilẹ̀ wa níbí ni. Ọmọ Òkè-Òdàn ni, ìlú tí ọ̀pọ̀ wa ní àna sí. Ní 1848, ogun Dáhómì ja Òkè-Òdàn, wọ́n pa òbí ọmọ náà, wọ́n sì mú òun lẹ́rú. Ọmọ nǹkan bí ọdún márùn-ún ni. Àìná ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀yin ìyá tó wà níbí mọ irú ọmọ tó ń jẹ́ Àìná, tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ọdún méjì ló lò lọ́wọ́ Gẹ̀zò, Ọba Dáhómì. Ní 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Frederick Forbes wá bá ọba náà sọ̀rọ̀ pé kó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Ọba kò fi òwò sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọmọ náà ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Forbes mú un lọ, ó sì sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Forbes ni orúkọ tirẹ̀, Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n fi sọ ọmọ ènìyàn.

Oṣù kọkànlá ọdún 1850 ni wọ́n mú Àìná dé iwájú Ọbabìnrin ní ààfin Windsor. Ọbabìnrin fẹ́ràn rẹ̀, ó sì gbà láti máa sanwó ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n rán an lọ sí ilé ìwé ní Freetown ní 1851, wọ́n tún mú un padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1855. Ní 1862 ló ṣe ìgbéyàwó ní Brighton pẹ̀lú James Davies, oníṣòwò Èkó tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó nílẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tó ní oko kòkó, ẹ kí bàbá yín. Ọmọ mẹ́ta ni Àìná bí fún un, ó sọ àkọ́bí ní Victoria, Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ló ṣe ìyá ìsàmì ọmọ náà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa Àìná ní erékùṣù Madeira ní 1880, kò tíì pé ogójì ọdún.

A bi àwọn ọmọ wa tó wà nílé ìwé níbí bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ yìí rí. Wọn kò gbọ́ ọ. Ọmọ-ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ń gbé ní Peckham ló mọ ìtàn rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ilé ìwé rẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọjọ́ tí a gbọ́ ìyẹn la mọ̀ pé ìrìn àjò yìí ní ìdí.

Nítorí náà, ọjọ́ Ajé la ó lọ sí Windsor. Kì í ṣe inú Lọ́ńdọ̀nù gan-an ló wà, ọkọ̀ ojú irin ni yóò gbé wa lọ láti ibùdókọ̀ Waterloo, kò ju wákàtí kan lọ púpọ̀. Ẹni tó bá gba ibùdókọ̀ Paddington, tó yí ọkọ̀ ní Slough, á tètè dé jù bẹ́ẹ̀. A mú ọjọ́ Ajé nítorí pé wọn kì í ṣí ààfin náà fún àlejò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ti òkèèrè wá ló ti kan ẹnu ọ̀nà náà ní títì. Níbẹ̀ náà ni wọ́n sin Ọbabìnrin Elizabeth Kejì sí ní 2022. Lẹ́yìn ìyẹn, ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, ilé kan wà tó ń jẹ́ National Portrait Gallery, tí wọ́n kó àwòrán àwọn ènìyàn sí. Fọ́tò Àìná wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí Camille Silvy yà ní 1862, ọdún ìgbéyàwó rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ gbòòrò bí agboòrùn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ síta, nítorí náà a ó kọ̀wé sí wọn ṣáájú. Bí wọ́n bá gbà wá láyè, a fẹ́ kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ dúró ti fọ́tò náà, kí wọ́n pè é ní Àìná, kí wọ́n sì kí i bí a ṣe ń kí ọmọ Òkè-Òdàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ tó wúwo jù nínú ètò wa. Kew la ń lọ, níbi tí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà. Ohun tí a fẹ́ lọ wò níbẹ̀ ni ìwé ààlà.

Ẹ̀yin tó ní oko ní ìhà kejì, ẹ̀yin tí ọkọ yín wà ní Nàìjíríà tí ìyá yín wà ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀yin tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń dá dúró lórí ọ̀nà oko bàbá yín, ẹ fetí sílẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Paris. Ohun tí wọ́n kọ ni pé kí ìlà kan gba odò Ajara kọjá nílẹ̀ Àjàṣẹ́, kó máa lọ tààrà sí àríwá títí dé ìwọ̀n kẹsàn-án, kí Ìpókíá sì wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà tààrà ni o, bí ìgbà tí télọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí aṣọ. Kò sí ọmọ Yewa kankan tó fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 1898, wọ́n tún ṣe àdéhùn mìíràn ní Paris kan náà. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ilẹ̀ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ọ̀họ̀rí di méjì. Kétu tí ogun Dáhómì fọ́ ní 1886 kò tíì tún ilé kọ́ tán tí àwọn aláwọ̀ funfun fi dé pẹ̀lú rúlà.

Ẹnìkan bi wá pé, ṣé a fẹ́ lọ gba ilẹ̀ padà ni? Rárá o. A kò lọ pe ẹjọ́, a kì í ṣe Olúwa ti Èkó. Ohun tó ń dùn wá ni pé àwọn àgbà tó mọ orúkọ odò, orúkọ igi ààlà àti orúkọ ọ̀nà ọdẹ láàárín ìhà méjèèjì ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ti ibodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, tí wọn kò ṣí ti Ìdí-Ìrókò títí di oṣù kẹrin 2022, àwọn ọmọ wa rò pé bí ibodè ṣe wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Àwọn ìwé tí gómìnà Èkó ń kọ lọ sílé láti 1861 títí dé 1906 wà ní Kew, CO 147 ni àmì tí wọ́n fi ń pè wọ́n. Àwòrán ilẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. A fẹ́ fi fóònù ya ohun tó bá kàn wá nínú wọn, kí a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí a sì kó o sí ilé ìwé girama níbí, kí ọmọ tó bá fẹ́ mọ̀ lè mọ̀ láì wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ilé náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ìwé àtijọ́ gbọ́dọ̀ gba káàdì òǹkàwé, páásípọ́ọ̀tù àti ìwé tó fi àdírẹ́sì ilé hàn ni wọ́n fi ń gbà á. Èyí tó ní àdírẹ́sì náà ń ṣòro fún wa, nítorí Tube kò ní nọ́ńbà ojúlé. Ìwé báǹkì tó bá ní àdírẹ́sì ni kí ẹ tọ́jú. Bírò kò gbọdọ̀ wọlé, pẹ́nsù nìkan ni. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọlé, títí kan obì. A ó béèrè fún àwọn ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó kúrò nílé, kí wọ́n lè ti gbé wọn kalẹ̀ dè wá. Wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n máa ń ṣí di aago méje alẹ́, ìdí tí a fi mú un nìyẹn. Ẹ sì rántí pé orúkọ wa nínú ìwé náà kì í ṣe bí a ṣe ń kọ ọ́. Egbado ni a jẹ́ níbẹ̀, 1995 la ṣẹ̀ṣẹ̀ di Yewa. Pokrah ni wọ́n kọ fún Ìpókíá. Ọ̀họ̀rí, Holli ni àwọn Faransé ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láì rí ìlú bàbá rẹ̀.

Ẹni tó bá ní bàbá àgbà nínú iṣẹ́ CMS, kó má retí pé a ó rí orúkọ rẹ̀ ní Kew. Yunifásítì Birmingham ni ìwé àwọn míṣọ́nnárì wọ̀nyẹn wà, ọ̀sẹ̀ kan kò gbé e.

Ọjọ́ tó kù kò ní le tó bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́rú, a ó wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1753. Ọ̀fẹ́ ni. Orí idẹ Ifẹ̀ kan wà níbẹ̀, nínú àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938. Ọdún kejì rẹ̀ ló ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn idẹ Bìní náà wà ní ìsàlẹ̀ ilé, ó sì bọ́gbọ́n mu kí a rí wọn níbi tí wọ́n wà kí a tó dá sí ọ̀rọ̀ ibi tó yẹ kí wọ́n wà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, Horniman, ti fi ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Bìní 72 sábẹ́ àṣẹ Nàìjíríà ní 2022. Ó wù wá láti lọ kí wọn, bí ẹsẹ̀ bá gbà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ ojú omi lórí odò Thames ni yóò gbé wa lọ sí Greenwich. Ìlà kan wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí ìpàdé àgbáyé kan ní Washington yàn ní 1884 pé kí ayé máa ka ìwọ̀n ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn láti ibẹ̀. Ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ kan sí ìhà ìhín, kó fi ẹsẹ̀ kejì sí ìhà ọ̀hún. Èèyàn Yewa ti ń ṣe ìyẹn lóko láti 1889 láì sanwó, ṣùgbọ́n a ó ya fọ́tò. Bí a bá ń bọ̀, a ó yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Docklands, nínú ilé tí wọ́n kọ́ ní 1802 láti máa kó ṣúgà sí, ṣúgà tí àwọn ẹrú gbìn.

Ilé ìṣọ́ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Tower, níbi tí adé ọba wọn wà, owó ìwọlé rẹ̀ lé ní ọgbọ̀n pọ́n-ùn. Lójú tiwa, kò tó bẹ́ẹ̀. Láti orí afárá a lè rí i dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ rí adé lè dá lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey, níbi tí wọ́n ti ń dé ọba wọn ládé láti 1066, àti St Paul's ń gba owó lọ́wọ́ olùwòran, ṣùgbọ́n wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó wá jọ́sìn. Ẹ wọlé ní àkókò àdúrà ìrọ̀lẹ́, ẹ jókòó, ẹ gbàdúrà, ẹ wo òkè ilé. Àwọn Mùsùlùmí inú wa yóò kí Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà ní Regent's Park, tí wọ́n kọ́ parí ní 1977, ọjọ́ Ẹtì yẹn kò sì ní ètò mìíràn títí di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Àìkú tí a bá dé jẹ́ ti ìsinmi àti ti Peckham. Ẹ̀fọ́, iṣu, ata rodo àti ẹja gbígbẹ wà lójú ọ̀nà Rye Lane, ẹ ó máa gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn yín bí ẹni pé ọjà Ìlárọ́ lẹ wà.

Ẹ jẹ́ ká dá ẹ̀rín yín sí ọ̀nà kan kí a tó kan ohun tó le. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1863, ǹjẹ́ ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é? Tube. Lẹ́tà mẹ́rin tí a fi ń kọ orúkọ ìlú wa gẹ́lẹ́ ni. Ẹ ó rí i lójú ògiri, ẹ ó rí i nínú ìwé ìròyìn, "Tube kò ṣiṣẹ́ lónìí," "Tube ń daṣẹ́ sílẹ̀." Ẹ má fòyà, ìlú ò ní ìṣòro. Ṣùgbọ́n ẹni tí òṣìṣẹ́ ibodè bá bi pé níbo lo ti wá, kó fi Yewa àti Ìpínlẹ̀ Ògùn kún un, kí wọ́n má baà rò pé ibùdókọ̀ lo ti ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì ló rọrùn fún orókún wa, nítorí àtẹ̀gùn abẹ́ ilẹ̀ náà pọ̀. Owó bọ́ọ̀sì kò tó pọ́n-ùn méjì, ẹ sì lè wọ òmíràn láàárín wákàtí kan láì san kún un. Láti 2014 ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì kò ti gba owó lọ́wọ́ ẹni mọ́. Káàdì tí wọ́n ń pè ní Oyster la ó rà fún gbogbo wa ní ọjọ́ tí a bá dé.

Ó wá ku físà. Níbí ni ọ̀pọ̀ ìrìn àjò ti ń kú. Kò sí físà ẹgbẹ́. Bí ogún ènìyàn bá lọ, ogún ẹjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, wọ́n lè fún àwọn mẹ́wàá kí wọ́n má fún mẹ́wàá. Owó rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá sì kọ̀, wọn kì í dá a padà. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn ni wọ́n ń gbà kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, ìdáhùn sì máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí òṣìṣẹ́ físà fẹ́ mọ̀ kò pọ̀: níbo lo ti rí owó, kí ni yóò sì mú ọ padà sílé. Olùkọ́ ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìyẹn rọrùn. Àgbẹ̀ ńkọ́? Oko rẹ kò ní ìwé owó oṣù. Nítorí náà la ṣe ní kí gbogbo àgbẹ̀ àti oníṣòwò inú wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba báǹkì kó owó wọn láti ìsinsìnyí, bí ó ti wù kó kéré tó, kí wọ́n kó ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jọ, rìsíìtì kòkó, rìsíìtì gààrì, ìwé ilẹ̀. Owó tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà dára ju mílíọ̀nù tó já bọ́ láti ọ̀run ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Wọ́n mọ irú èyí dáadáa.

Àwọn tó ń bá ni ṣe físà yóò gbọ́ pé à ń lọ, wọn yóò sì wá. Wọn yóò ní àwọn mọ ẹnìkan nínú ẹ́ḿbásì. Wọn yóò ní àwọn lè ṣe ìwé báǹkì. Ẹni tí wọ́n bá ká ìwé irọ́ mọ́ lọ́wọ́, ọdún mẹ́wàá ni wọn kò fi ní jẹ́ kó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ orí wa kò sì gba irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá ìgbìmọ̀, a ó dá owó rẹ̀ padà fún un lọ́jọ́ náà, kò bá wa lọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò fẹ́ sọ lójú àlejò, ṣùgbọ́n àlejò náà mọ̀ ọ́n. Àwọn kan lè fẹ́ lọ kí wọ́n má bọ̀. Ìyà ń jẹ ènìyàn, a kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó ń wá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹgbẹ́ bá kọ fún ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò fi mọ àwọn tó kù. Bí ẹnìkan bá sá, àwọn tó bá béèrè lẹ́yìn rẹ̀, títí kan àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ kàwé, ni yóò jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi ní kí ọkọ tàbí aya, tàbí àkọ́bí ẹni tó fẹ́ lọ, wá jókòó pẹ̀lú wa kí a tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le, àwọn kan sì ti bá wa bínú. A kò yí i padà.

Ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀ la mú. Àwọn ọmọ ilé ìwé ibẹ̀ á ti wọlé, tíkẹ́ẹ̀tì á sì ti wálẹ̀ díẹ̀ láti ti àkókò ìsinmi. Òtútù ibẹ̀ kò tíì dé ibi tó ń pa àgbàlagbà. Aago ibẹ̀ àti tiwa bára mu ní oṣù náà, kò sí wàhálà oorun. Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹta 2024, àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń lọ. Èyí tó bá dín owó lọ́jọ́ náà la ó wọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kó gbé oògùn rẹ̀ nínú páálí tí wọ́n tà á, pẹ̀lú ìwé dókítà, kó sì gbé e sínú báàgì ọwọ́. Ẹran kò gbọdọ̀ wà nínú ẹrù, ì báà jẹ́ ẹran ìgbẹ́ tàbí ti ọdún iléyá, wàrà náà kò gbọdọ̀ sí. Gààrì wọlé. Ọmọ tó bá ní kí ẹ di ẹran òkété wá fún òun, ẹ sọ fún un pé kó wálé wá jẹ ẹ́.

Àwọn tó bá fẹ́ lọ, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ẹ gbà á kí ẹ tó lọ jẹun. Ìdáwó àkọ́kọ́ yóò wáyé ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ bá kù díẹ̀ kó parí, kó tètè lọ Abẹ́òkúta.

Àwọn tí kò lọ náà, iṣẹ́ yín ló pọ̀ jù. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó jókòó síwájú níbí, kí a tó dé Kew, a fẹ́ orúkọ. Orúkọ odò tí ẹ máa ń là kọjá kí wọ́n tó gbé ibodè síbẹ̀, orúkọ abà, orúkọ ìdí igi tí àwọn ọdẹ ti ń pàdé ará Ọ̀họ̀rí àti ará Kétu, orúkọ ìdílé tó kù sí ọ̀hún. Láti Sátidé tó ń bọ̀, àwa méjì méjì nínú ìgbìmọ̀ yóò máa wá sílé yín ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé àti pẹ́nsù. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dàgbà jù.